Bí mo ṣe sọ fíríìsà tó ti kú di odò fún onírùmẹ́ta

Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ dúdú ni wọ́n ń yé ẹyin sí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú Oṣù Kẹwàá ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, oníbàárà kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa níbí, ibi tí mo ti ń tún fíríìjì àti fíríìsà ṣe. Kí n tó yẹ gáàsì fíríìjì rẹ̀ wò tán, àwọn kòkòrò tíntìntín ti bo iwájú ọkọ̀ náà. Wọ́n á fò sókè, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi ìdí kan irin, wọ́n á tún fò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní èsúnsún ni. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, tẹ orí ba, ó wò wọ́n títí, ó ní: "Dádì, kì í ṣe èsúnsún o. Ẹ wo ìyẹ́ wọn bó ṣe nàró. Ẹyin ni wọ́n ń yé yìí."

Òótọ́ ló sọ. Èsúnsún a máa da ìyẹ́ rẹ̀ dé ẹ̀yìn, ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a sì gùn bákan náà; tó bá ti balẹ̀ tán, á bọ́ wọn dànù. Àwọn wọ̀nyí na ìyẹ́ sókè ṣánṣán bí ìgbà tí èèyàn pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ìrù bí òwú sì gùn lẹ́yìn wọn. Mayfly ni Òyìnbó ń pè wọ́n. Gbogbo ẹyin yẹn ló ti gbẹ mọ́ irin kí oníbàárà mi tó lọ, ó sì dùn mí gan-an. Ìmọ́lẹ̀ ló tàn wọ́n jẹ: bó ṣe ń ta padà lójú omi náà ló ń ta padà lára ohun dúdú tó ń dán, ìyẹn sì ni wọ́n fi ń mọ ibi tí omi wà. Ní 1998, àwọn onímọ̀ kan ní Húńgárì kọ ọ́ jáde pé títì ọlọ́dà tó gbẹ ń tàn wọ́n jẹ bákan náà.

Ọmọ mi bi mí bóyá a lè tọ́ wọn nílé, ká lè rí wọn láti abẹ́ omi títí wọ́n á fi fò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni iṣẹ́ náà máa gbà. Oṣù mẹ́rin ló gbà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é má baà pa iye tí mo pa.

Ìpele 1: Kíkó wọn láti odò

Orúkọ tí ọmọ mi sọ wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà lábẹ́ omi ni onírùmẹ́ta, òun ni mo máa lò.

Ìṣàn omi kan wà lọ́nà Ushafa, nísàlẹ̀ òkè olókùúta, tó ṣì máa ń ṣàn nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ la débẹ̀. Ẹ gbé òkúta tó tó àtẹ́lẹwọ́ níbi tí omi ti ń sáré, ẹ yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ẹ ní sùúrù. Ohun tí ẹ rò pé ìdọ̀tí ni á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àmì mẹ́ta ni mo fi ń mọ̀ wọ́n: ìrù mẹ́ta lẹ́yìn, èékánná kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ohun pẹlẹbẹ bí ewé tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn lọ́tùn-ún lósì. Ohun bí ewé yẹn ni wọ́n fi ń mí.

Oríṣi méjì la rí. Èkíní rí pẹlẹbẹ, orí rẹ̀ fẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ òkúta débi pé omi ò lè gbé e. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà sá bí alákàn. Èkejì rí gbọọrọ, ó ń lúwẹ̀ẹ́ fìrì bí ọmọ ẹja.

Mo ka iye tó wà lábẹ́ òkúta 10 lókè odò: 31. Mo ka òkúta 10 mìíràn nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀: òdo. Aràn pupa tín-ín-rín nìkan ló wà níbẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ló wà láàárín ibi méjèèjì, omi kan náà ni, àfi ọṣẹ àti epo tó ti wọ ọ̀kan. Ọmọ mi ní ká tún ka ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. A kà á. Òdo náà ni.

Àṣìṣe mi: garawa ọ̀dà onídèérí ni mo kó 20 sí, omi kún un dé ẹnu, mo sì gbé e sí bùútù ọkọ̀. Mẹ́fà ti kú ká tó délé. Báyìí, kúlà ni mo ń lò. Omi inú rẹ̀ ò ju ìka kan lọ, ewé tútù láti etí odò pọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n lè dì mọ́ ọn, piọ wọ́tà kan tó ti dì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí èyí tó kú lọ́nà.

Ìpele 2: Abọ́ ike, òru kan

Mo da àwọn 14 tó kù sínú abọ́ ike, omi ẹ̀rọ tààrà ni mo fi kún un. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo wọn ti kú.

Ohun méjì ni mo ṣe tí kò dáa. Omi ẹ̀rọ ní kúlóríìnì, wọ́n fi sínú rẹ̀ láti pa kòkòrò àrùn ni, kò sì mọ èyí tí mo fẹ́ràn yàtọ̀. Èkejì, omi náà dúró sójú kan. Onírùmẹ́ta pẹlẹbẹ tó ń gbé níbi tí omi ti ń sáré gbára lé omi tó ń kọjá lára rẹ̀ láti gbé atẹ́gùn wá fún un. Tí omi bá dúró, ńṣe ló dà bí ẹni tí wọ́n di nímú. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ mai ruwa ni mo ti ń ra omi, omi kànga ẹ̀rọ ni, mo sì ń ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí n tó lò ó.

Ìpele 3: Fíríìsà di odò

Fíríìsà onílẹ̀kùn òkè kan ti wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tipẹ́, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ti jóná. Ohun tó wù mí lára rẹ̀ ni fómù tó wà nínú ògiri rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń gbóná ni atẹ́gùn inú rẹ̀ ń dín kù, oòrùn Abuja ò sì mọ̀ pé ẹnì kan ń tọ́ kòkòrò. Inú fíríìsà náà gùn ní sẹ̀ntímítà 90, ó fẹ̀ ní 40.

Mo yọ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kúrò. Mo fi silikóònù dí ihò tí omi ń gbà jáde àti ojú ìpẹtà méjì. Ẹ fi silikóònù sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ wá fi omi ṣàn án títí òórùn kíkan rẹ̀ á fi lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣàn án. Mo gbé ike pẹlẹbẹ kan tó gùn ní sẹ̀ntímítà 60 dúró láàárín, kí omi lè máa yí i ká bí ọkọ̀ tó ń yí rańdabáòtù. Yanrìn sẹ̀ntímítà 3 nísàlẹ̀, òkúta 17 láti odò, omi jíjìn sẹ̀ntímítà 20, bíi lítà 70. Pọ́ǹpù kékeré oní-12V wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi ewé kan sójú omi láti mọ bó ṣe ń sáré: ní ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù, ó rin sẹ̀ntímítà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá 4, ní ẹ̀gbẹ́ kejì, lẹ́yìn àwọn òkúta, ó gbà á tó 15. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, nítorí àwọn pẹlẹbẹ fẹ́ ibi tó ń sáré, àwọn olúwẹ̀ẹ́ sì fẹ́ ibi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Síbẹ̀, lábẹ́ ibòji, omi ń gbóná dé 29 lọ́sàn-án. Mo rẹ àpò ìdọ̀họ, mo fi wé ara fíríìsà náà lóde. Ọjọ́ méjì, kò sí ìyàtọ̀. Fómù tó ń dènà ooru náà ló ń dènà òtútù àpò yẹn, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ mi ti mọ̀. Mo wá fi igi dábùú ẹnu fíríìsà, mo ta àpò náà sórí rẹ̀, mo jẹ́ kí etí rẹ̀ kan omi. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń lù ú, omi ń gun àpò, ó ń gbẹ, ó ń tutù. Lọ́jọ́ kejì, aago méjì ọ̀sán, 24.

Iye tí mo ná lápapọ̀, títí kan bátìrì tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú: pọ́ǹpù ₦9,500, bátìrì àlòkù 18Ah ₦22,000, pánẹ́ẹ̀lì sólà 40W ₦28,000, rọ́bà omi mítà 2 ₦1,800, silikóònù ₦3,500, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ọ̀pá 2 ₦2,400, tẹmọ́mítà ₦2,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦69,700. Owó fíríìsà ò sí níbẹ̀.

Ìpele 4: Páìpù bàbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí dáadáa kódà tí ẹ bá fo gbogbo ìyókù.

Páìpù bàbà pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù mi ju síbí lọ. Nígbà tí mo fẹ́ gbé omi láti pọ́ǹpù dé ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tó gùn ní sẹ̀ntímítà 40 ni mo gé. Ó mọ́, ó dán, ó rọrùn láti tẹ̀. Mo kó onírùmẹ́ta 25 sínú omi. Lọ́jọ́ kejì, 4 kú. Lọ́jọ́ kẹrin, 19 ti kú. Omi tutù, ó ń sáré, ó mọ́ gaara. Mo dá silikóònù lẹ́bi. Mo dá oúnjẹ lẹ́bi. Mo bá mai ruwa jà láìnídìí, mo sì lọ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà.

Ọmọ mi ló bi mí pé: "Dádì, kí ló wà nínú omi tiwa tí kò sí nínú odò?"

A gbé abọ́ méjì. Omi kan náà, òkúta láti ibì kan náà, onírùmẹ́ta 5 nínú ìkọ̀ọ̀kan. A ju ègé páìpù bàbà sẹ̀ntímítà 10 sínú ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo èyí tó wà pẹ̀lú bàbà ti kú. Nínú abọ́ kejì, ọ̀kan péré ló kú. Bàbà ń yọ́ sínú omi ní ìwọ̀n tí kò tó nǹkan lójú èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò inú omi ò lè gbà á, onírùmẹ́ta sì wà lára àwọn tó tètè ń mọ̀ ọ́n lára. Mo yọ ọ́, mo fi rọ́bà rọ́pò rẹ̀. Mo yọ ẹnu pọ́ǹpù náà pẹ̀lú, nítorí idẹ ni, bàbà sì wà nínú idẹ. Mo da gbogbo omi nù, mo fọ yanrìn lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ìpele 5: Iná lọ lóru

Iná ọba ni mo kọ́kọ́ fi ń gbé pọ́ǹpù náà. Lóru ọjọ́ kan, iná lọ láti aago mọ́kànlá títí di aago márùn-ún ìdájí. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, àwọn pẹlẹbẹ ti gun òkúta wá sí etí omi, wọ́n tò síbẹ̀ bí ẹni tó ń wá afẹ́fẹ́ lójú fèrèsé. Mẹ́jọ ti kú. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ra bátìrì àti pánẹ́ẹ̀lì. Pọ́ǹpù 5W máa ń jẹ bíi 5Ah láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, nítorí náà 18Ah tó, kódà ní ọjọ́ tí eruku ọyẹ́ bá bo oòrùn.

Ìpele 6: Ọmọ lámilámi

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kejìlá, mo kó 30 tuntun. Alẹ́ mẹ́ta, 6 pòórá, kò sì sí òkú kankan. Ọmọ lámilámi kan ló bá òkúta wọlé. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń nà jáde bí apá, ó sì ń fi gbá wọn mú. Mo dá a padà sódò. Báyìí, mo ń gbọn òkúta kọ̀ọ̀kan nínú abọ́ funfun kí n tó gbé e wọlé.

Ìpele 7: Ìgbé ayé wọn gan-an

Láti ìgbà yẹn, ara omi tutù, ara mi náà tutù. Ohun àwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lórí òkúta ni wọ́n ń jẹ, pẹ̀lú ewé gbígbẹ tó ti rà. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń pààrọ̀ òkúta mẹ́rin pẹ̀lú tuntun láti odò, nítorí lábẹ́ ibòji fíríìsà ohun àwọ̀ ewé yẹn kì í hù dáadáa. Láràárọ̀ la ń rí awọ tí wọ́n bọ́, ó funfun, ó fẹ́lẹ́, ó ní ìrù mẹ́ta pé pérépéré. Wọ́n lè bọ́ awọ ní ogún ìgbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó kúrò lábẹ́ omi. Èyí tí mo ń wọ̀n ní pàtàkì wà ní mílímítà 4 nígbà tó dé. Ó dé 9.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbí díẹ̀. Ephemeroptera ni orúkọ ìdílé wọn nínú ìwé, láti inú èdè Gíríìkì, ọjọ́ kan àti ìyẹ́. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ nípa wọn, ọjọ́ kan yẹn ló ń sọ. Ṣùgbọ́n abẹ́ omi ni wọ́n ti ń lo ayé wọn: oṣù gbáko, ní àwọn ibòmíràn ọdún kan sí méjì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni ẹja ti ń jẹ wọ́n. Ilé wọn ò sì jọra. Nígbà tí ìdídò Kainji parí ní 1968, tí omi bo igbó, oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Povilla adusta bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò sínú àwọn igi tó rì, ó ń fi òwú tó ń ti ara rẹ̀ jáde tẹ́ inú ihò náà. Ní adágún Victoria, alẹ́ kejì tàbí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú ni irú rẹ̀ ń fò jáde lọ́pọ̀ yanturu. Mo fẹ́ rí ìyẹn kí n tó darúgbó.

Àmì pé wọ́n fẹ́ jáde: àpò ìyẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn á di dúdú. Nínú 24 tó kù, 22 dé ibẹ̀.

Ìpele 8: Ìjáde, àti ọyẹ́

Mo fi nẹ́ẹ̀tì bo gbogbo ẹnu fíríìsà. Láàárín aago méje kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni wọ́n ń jáde. Ọ̀kan á léfòó, ẹ̀yìn rẹ̀ á là, kí ẹ sì tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, oníyẹ̀ẹ́ kan ti dúró lórí awọ tirẹ̀ bí ẹni dúró sínú ọkọ̀ ojú omi.

Mẹ́rin àkọ́kọ́ rì. Pọ́ǹpù ń ru gbogbo ojú omi sókè, ìyẹ́ wọn kan omi, kò sì sí ọ̀nà àbáyọ. Mo tẹ ẹnu rọ́bà bọ ìsàlẹ̀ omi, mo ri igi gbígbẹ mélòó kan sí ẹ̀gbẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí orí wọn yọ síta. Ìyẹn tán.

Meje tó tẹ̀ lé wọn fò dé ara nẹ́ẹ̀tì. Inú wa dùn, a pe ìyá ọmọ mi wá wò ó. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo méjèèje ti kú, ìdajì ara wọn síta, ìdajì nínú awọ, ìyẹ́ ká mọ́ wọn lára.

Ohun tí mi ò fiyè sí ni pé èyí tó jáde látinú omi ò tíì parí. Ìyẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn bí èéfín, irun wẹ́wẹ́ sì wà létí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tún awọ bọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, títí kan awọ orí ìyẹ́. Nínú gbogbo kòkòrò tó wà láyé lónìí, àwọn nìkan ló ń bọ́ awọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ìyẹ́ tí wọ́n lè fi fò. Oṣù Kìíní sì ni a wà, ètè gbogbo èèyàn ń là. Ọyẹ́ tí mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń mú omi mi tutù ni ó ń gbẹ awọ mọ́ wọn lára kí wọ́n tó lè bọ́ ọ.

Àtúnṣe: ní kété tí ọ̀kan bá ti dé ara nẹ́ẹ̀tì, mo ń fi ife bò ó, mo ń gbé e lọ sínú ìgò ẹlẹ́nu fífẹ̀. Òwú tútù nísàlẹ̀, igi kékeré kan láàárín, nẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, aṣọ ìnujú tútù lórí nẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún aṣọ náà dáadáa: bí omi bá kán sí ara ìgò, ìyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn. Mọ́kànlá tó kù ló gba inú ìgò kọjá. Gbogbo wọn ló bọ́ awọ.

Ìpele 9: Àwọn àgbà

Ìyẹ́ wọn wá mọ́lẹ̀ bíi gíláàsì. Àwọn olúwẹ̀ẹ́ ti pàdánù ìrù àárín, ìrù méjì ló kù, ọmọ mi sì bínú díẹ̀ nítorí orúkọ tó sọ wọ́n. Akọ wọn ní ojú ńlá pupa rúsúrúsú lókè ojú tòótọ́, bí ẹni dé fìlà, òkè lójú yẹn ń wò. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ gùn. Pẹ̀lú awò, a wá ẹnu wọn: kò sí ohun tí wọ́n lè fi jẹun. Atẹ́gùn ló kún inú ìfun wọn. Ọmọ mi ti po omi ṣúgà sílẹ̀; ó rọra gbé e kúrò.

Èyí tó pẹ́ jù nínú ìgò lo ọjọ́ méjì. Wọn ò gùn ara wọn, nítorí inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Torí náà, mo gbé márùn-ún tó jáde lọ́jọ́ kan náà lọ sí Ushafa, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta Oṣù Kejì. Àwọn akọ ti wà lókè odò níbẹ̀, bí ogójì, wọ́n ń gòkè wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kan náà bí ẹni ń jó. Abo kan á wọ àárín wọn, akọ kan á gba abẹ́ rẹ̀ wá, á fi ẹsẹ̀ gígùn yẹn dì í mú, àwọn méjèèjì á sì kúrò láàárín ìjó. Mo ṣí ìgò. Mẹ́ta fò lọ tààrà. Méjì dúró lórí ọwọ́ ọmọ mi títí a ò fi rí wọn mọ́ nínú òkùnkùn.

Omi ṣì ń yí nínú fíríìsà. Àpò ìyẹ́ ọ̀kan nínú àwọn pẹlẹbẹ méjì tó kù di dúdú láàárọ̀ yìí. Mo ti fún aṣọ ìnujú, ìgò ti wà nílẹ̀, aago méje kù ogún ìṣẹ́jú.